ÌBÀNÚJẸ́ ÌYÁ NÍNÚ ÀWÒRÁN GBÍGBẸ́

A ti kọ́ bí a ṣe ń ka ewì fún àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kò tí ì kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán fún wọn. Nítorí náà ni mo ṣe mú àpẹẹrẹ kan wá, níbi tí ewì àti àwòrán gbé pàdé lórí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́.

Ewì náà ni Stabat Mater, tí a kọ ní èdè Látìnì ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá. Ogún ni ẹsẹ rẹ̀, ìlà mẹ́ta-mẹ́ta sì ni ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ti Màríà ìyá Jésù, ẹni tí ó dúró lẹ́bàá àgbélébùú, tí idà tí Símíónì arúgbó sọ tẹ́lẹ̀ sì gún ọkàn rẹ̀. Akéwì kọ́kọ́ wo ìyá náà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá bẹ̀ ẹ́ kí òun pẹ̀lú lè bá a pín nínú ìrora rẹ̀. Àwọn ìjọ Kátólíìkì a máa kọ ọ́ lórin nígbà Lẹ́ńtì, bí wọ́n ti ń rìn láti ibùdó kan dé èkejì nínú mẹ́rìnlá tí ń bẹ ní Ọ̀nà Àgbélébùú.

Ibùdó mẹ́rìnlá wọ̀nyí ni Bruce Onobrakpeya gbẹ́ ní 1969. Ọmọ Urhobo ni, a bí i ní Agbarha-Otor ní 1932; olùkọ́ iṣẹ́ ọnà sì ni ní St. Gregory's College, Èkó, láti 1963 títí di 1980. Kí ó tó gbẹ́ wọn, ó ti kùn wọ́n fún ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Èbúté Mẹ́ta. Ìkẹrin ni Jésù pàdé ìyá rẹ̀. Ìkẹjọ ni àwọn obìnrin Jerúsálẹ́mù sunkún. Ìkẹtàlá ni a sọ òkú rẹ̀ kalẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń gbẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ yóò tètè mọ̀ ọ́n. Aládìrẹ a fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Ibi tí ẹ̀kọ bò, aró kì yóò wọ̀ ọ́. Agbẹ́nà fi ọ̀bẹ gé línólíọ́mù; ibi tí ó gé kúrò, tàdáwà kì yóò kàn án, funfun ni yóò sì wà nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹni tí ó bá dé Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì lè wo iṣẹ́ adìrẹ ní ilé ọnà ńlá tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ níbẹ̀. Irú ọnà ara aṣọ wa wọ̀nyí ni Onobrakpeya gbẹ́ sára aṣọ àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ní ilẹ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. A ó fà á sẹ́yìn, a ó mú un wọ yàrá, kí ojú rẹ̀ má bàa rí ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ewì yìí kò fa ìyá náà sẹ́yìn. Ó mú un dúró, ó sì ní kí a wò ó. Bí ó bá wọ aṣọ àjèjì, àwa lè wí pé ìyọnu ilẹ̀ òkèèrè ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ ìyá tiwa bá wà lára rẹ̀, ta ni yóò lè gbójú kúrò?

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá gbé irú àwòrán báyìí síwájú kíláàsì, kí a má ṣe yára sọ̀rọ̀. Kí a bi àwọn ọmọ pé: Ta ni ó dúró? Ta ni ó tẹrí ba? Kí ni ọwọ́ wọn ń ṣe? Lẹ́yìn náà ni kí a tó ka ewì. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà láàárín wọn tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ nílé rẹ̀, tí kò sì tí ì rí ẹni bá sọ ọ́.