Eṣinṣin Tó Kú Sómi

Orúkọ tí àwọn Faransé fún ìdẹ ẹja kan kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín: mouche noyée, eṣinṣin tó kú sómi. Ta ni í tẹ eṣinṣin rì kí ó tó fi í dẹ ẹja? Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, ẹ̀rín di ìyanu. Kì í ṣe eṣinṣin rárá. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni, tí a wé mọ́ ìwọ̀ tí kò gùn ju èékánná lọ, tí a jẹ́ kí ó rì díẹ̀ nínú odò tó ń ṣàn, kí ẹja lè rò pé kòkòrò gidi ni.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé. Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan ní nǹkan bí ọdún 200 sànmánì Kristi, ròyìn àwọn ará Makedóníà tí ń pẹja láàrin Bèróà àti Tẹsalóníkà, ìlú méjì tí ẹni tó ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ̀ dáadáa. Kòkòrò kan wà lójú odò wọn tí ẹja fẹ́ràn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ a ṣá, kò sì wúlò fún ìdẹ mọ́. Wọ́n wá wé irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n sì so ìyẹ́ méjì mọ́ ọn tí wọ́n tu lábẹ́ ọrùn àkùkọ.

Odò tí a fẹ́ mú ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ lónìí kò sí ní Makedóníà. Àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní Yorkshire, níbi tí odò Wharfe, odò Nidd àti odò Ure ti ń sáré bọ̀ láti orí òkè, tí omi wọn tutù, tí òkúta sì pọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹja tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní truite. Ọ̀kan nínú àwọn ìdẹ tó lókìkí jù lọ níbẹ̀ ń jẹ́ Àparò àti Ọsàn. Òwú ṣẹ́dà aláwọ̀ ọsàn pípọ́n ni ara rẹ̀. Ìyẹ́ àparò tó ní àmì tíntìntín ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tán. (Àwa tí a máa ń sọ pé gbogbo àparò ló ga bákan náà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé tiwọn kì í ṣe irú tiwa gan-an, ìbátan ni wọ́n.)

Ẹni tó ń so ó á fi ìda oyin pa òwú náà kí ó lè di nǹkan mú. Á wé e láti ẹ̀yìn ojú ìwọ̀ títí dé ọ̀gangan ẹnu rẹ̀ tó mú, á sì wé e padà. Á fa ìhùùhù ìdí ìyẹ́ dànù, á so ṣóńṣó ìyẹ́ náà mọ́ ìtòsí ojú ìwọ̀, á yí i po lẹ́ẹ̀mejì péré, á sì fi òwú dè é. Inú ẹ̀ẹ̀mejì yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Àwa náà dán an wò pẹ̀lú ìyẹ́ ẹtù àti òwú ìránṣọ; a yí i po lẹ́ẹ̀marùn-ún, torí a rò pé ohun tó pọ̀ ló ń wu ẹja. Ohun tó jáde dà bí ìgbálẹ̀. Nígbà tí a jù ú sínú àwo omi, ó lẹ̀ pọ̀ di ṣùù kan, kò mira. Èyí tí a yí po lẹ́ẹ̀mejì, ńṣe ni ìyẹ́ rẹ̀ ń ṣí, tó ń pa dé, bí ẹsẹ̀ ohun alààyè tó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀.

Ìjàkadì yẹn gan-an ni ẹja ń wá. Éphémère, bí àwọn Faransé ti ń pè é, máa ń gbé abẹ́ òkúta nínú omi fún oṣù púpọ̀, òmíràn fún ọdún kan tàbí méjì. Lọ́jọ́ kan yóò gòkè, yóò bọ́ awọ rẹ̀, yóò na apá. Láti ìgbà náà kò ní jẹun mọ́, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sì í sábà ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Èyí tí kò bá rí awọ náà bọ́ a kú sómi. Láàrin ìsàlẹ̀ odò àti ojú omi ni ẹja ti ń dúró dè é, ibẹ̀ náà sì ni ìdẹ yìí ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá da ìdọ̀tí sínú irú odò bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò wọ̀nyí wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ kú.

Àwọn apẹja Yorkshire mọ gbogbo èyí kí ó tó dé inú ìwé títẹ̀. Wọ́n mọ ìyẹ́ tó bá oṣù kẹta mu àti èyí tó bá oṣù kẹfà mu, wọ́n sì ń fi ìwé àfọwọ́kọ ta á látaré. Ní 1885, T. E. Pritt kó ọ̀pọ̀ wọn jọ sínú ìwé kan pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀, ẹni tó ń so Àparò àti Ọsàn lónìí ṣì ń ṣí i wò. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá díẹ̀, a kò ní purọ́. Ní etí odò Ouémé, ní odò Okpara nítòsí Ṣábẹ̀ẹ́, àti lẹ́bàá ọ̀sà Àjàṣẹ́, àwọn bàbá wà tó mọ oṣù tí ẹja ń gòkè, tó mọ ibi tí ẹnu ìgèrè yẹ kí ó kọjú sí nígbà tí omi bá kún. Mélòó nínú rẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀, yálà ní Yorùbá tàbí ní Faransé? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìwé ìròyìn yìí ní àyè fún un.

Ó ku bí a ṣe ń jù ú. Truite máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń bá a. W. C. Stewart, ará Scotland, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1857 pé ẹ̀yìn ẹja ni kí apẹja gbà: kí ó máa rìn gòkè odò, kí ó ju ìdẹ síwájú, kí omi fúnra rẹ̀ gbé e padà wá. Apẹja kì í sábà rí ẹja náà. Okùn ni yóò máa wò. Bí okùn tó ń bá omi bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bá dúró lójijì, tàbí tó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó gbé ọ̀pá sókè kíá, kí ẹja tó mọ̀ pé òwú ni òun gbé sẹ́nu, kí ó sì tu ú dànù.