A Fi Kẹ̀kẹ́ Relé: Ọjọ́ Mẹ́fà Láti Àbújá Dé Iléṣà

Láti ìgbà tí a ti padà dé ni àwọn ará ẹgbẹ́ ti ń bi wá léèrè, ní ìpàdé, ní ọjà Wúsè, àní ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pàápàá, pé ṣé lóòótọ́ ni a gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Àbújá dé Iléṣà. Òótọ́ ni. Àwa mẹ́sàn-án ni a gbéra ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwa mẹ́sàn-án náà ni a dé, Ọlọ́run ni ọpẹ́ yẹ. Akọ̀wé ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníkálukú má baà máa fi tirẹ̀ kún un, nítorí a gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ ní Kúbwà pé kìnnìún lé wa ní Kàbbà.

Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bologna ní Ítálì ni ó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin láàárín àwọn òkè ńlá ibẹ̀, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Ọ̀nà òkè Stelvio wà nínú rẹ̀. Láàárín 1820 sí 1825 ni wọ́n la ọ̀nà náà. Ó ga tó mítà 2,757, ó sì ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ ní ìgbà 48 ní apá kan kí ó tó dé orí. Ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Ítálì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1909, kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá ní 1953. Lórí òkè yẹn ni Fausto Coppi ti fi àwọn yòókù sílẹ̀, tí ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje ọdún náà. A wo àwòrán náà títí, ẹnu yà wá. Télọ̀ wa ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé àwa kò ní òkè nílé ni? Kí ni wọ́n ń pè ní Èkìtì?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án náà ni télọ̀, káfíńtà, tíṣà obìnrin méjì, nọ́ọ̀sì kan, òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta, àti ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún kan tí wọ́n bí sí Nyanya, tí kò sùn ní ilẹ̀ Yorùbá rí ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ nínú tiwa ní gíà. Ẹ̀kẹsàn-án, ti káfíńtà, Raleigh àtijọ́ ni, dúdú, ó wúwo, kò ní gíà kankan. A bẹ̀ ẹ́ kí ó yá òmíràn, ó kọ̀.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò fẹ́ kí a lọ. Àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà, wọ́n ní, àwọn tírélà tí kò mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà lórí kẹ̀kẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A kò lè bá wọn jiyàn, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ ìdílé kan tí ọ̀kan nínú ọ̀ràn méjèèjì yìí ti kàn. Ìpàdé mẹ́ta ni a fi sọ ọ́ kí bàbá wa alága tó fún wa ní ìlànà: kí bọ́ọ̀sì kékeré kan máa tẹ̀ lé wa, kí a má gùn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ibi tí àwọn ará àdúgbò bá sì ti ní kí a dúró, kí a dúró. A gbà.

Ó yẹ kí a sọ ti káfíńtà yìí kí a tó tẹ̀ síwájú, òun náà sì ti fún wa láyè. Bàbá rẹ̀ kú ní Ìkòlé-Èkìtì ní oṣù karùn-ún ọdún 2020. Nígbà náà, ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì nítorí àrùn kòrónà, láti òpin oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹfà. Orí fóònù ni àkọ́bí ọkùnrin ti wo bí wọ́n ṣe ń bu yẹ̀pẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lórí. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, kò lọ. Owó ni ó kọ́kọ́ fà á. Lẹ́yìn náà ojú ń tì í. Lẹ́yìn náà ẹ̀wẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí ó jókòó sí Àbújá rẹ̀, àwọn ti sin òkú tán. Ọdún kẹrin nìyẹn. Raleigh tí a ń sọ yìí, ti bàbá náà ni.

A gbéra láti Gwagwalada ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, a gba Kwali kọjá, a sùn sí Àbájí. Ọ̀nà ọjọ́ yẹn tẹ́, kò ní ìtàn púpọ̀ àfi táyà mẹ́ta tí ó jò. Ní ọjọ́ kejì a gba Koton-Karfe, a sì gun afárá Jámátà kọjá lórí Odò Ọya. Ooru Lọ́kọ́já kì í ṣe ohun tí a ń fẹnu sọ. Nọ́ọ̀sì wa fi ipá mú wa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó sì ń ka iye ìgbà tí oníkálukú mu.

Ní Lọ́kọ́já a gun òkè Pati ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ni a fi gùn ún. Mítà 458 ni gíga rẹ̀. Bí ẹ bá to irú rẹ̀ mẹ́fà léra wọn, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sún mọ́ Stelvio àwọn ará Ítálì. Láti òkè yìí ni a ti ń wo ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Àwọn tí ń mú àlejò kiri níbẹ̀ máa ń sọ pé orí òkè yìí ni Flora Shaw ti jókòó tí ó fi sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ́nù ni ó ti kọ orúkọ náà, ní oṣù kìíní 1897, kò sì tíì di aya Lugard nígbà náà. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ Nyanya fi èyí bá onítọ̀hún jiyàn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ tí a jà. Láti Lọ́kọ́já a forí lé Ọ̀bájànà, ibi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá wà, àwọn tírélà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá bí ìjì. Láti Ọ̀bájànà dé Kàbbà, kìlómítà 43, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà náà dípò ọ̀dà, ó sì dán fún kẹ̀kẹ́ débi pé gbogbo wa ń yọ̀. A kò tíì rìn jìnnà nígbà tí àwọn ọlọ́dẹ kan dá wa dúró. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n ní kí a kó kẹ̀kẹ́ sínú bọ́ọ̀sì, pé iwájú níbẹ̀ kò dára fún ẹni tí kò lè sáré lọ́sẹ̀ yẹn. Télọ̀ ní láéláé. Ó ní òun kò tìtorí bọ́ọ̀sì kúrò nílé. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà dá a lóhùn pé òun ní ọmọ mẹ́ta, òun kò sì tìtorí ikú kúrò nílé. A dìbò lẹ́bàá ọ̀nà: mẹ́fà ní kí a kó kẹ̀kẹ́, mẹ́ta ní kí a gùn ún. A kó o. Télọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi dé Kàbbà, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlànà alága kò sọ pé kí inú ènìyàn dùn.

Ní Kàbbà ni ọmọ Nyanya ti kọ́kọ́ ní ìdààmú. "Òkun o" ni wọ́n fi ń kí wa, ìkíni yìí ni ó sì di orúkọ gbogbo àwọn Òkun, Yorùbá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ó rò pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òkun tí omi wà nínú rẹ̀, ó ní odò ni òun rí ní Lọ́kọ́já. Nígbà tí a wọ Èkìtì tí ìyá kan sọ pé kí a wọ "ulé," ó bi wá pé Yorùbá wo nìyí. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá gbọ́ Yorùbá inú tẹlifíṣàn nìkan, ohun tí ẹ ó máa rí nìyẹn.

Ọ̀nà ọjọ́ kẹrin gba ilẹ̀ Ìjùmú lọ sí Òmùò, òkè sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó gùn, ẹ ó rò pé ó parí, òmíràn ni ẹ ó rí níwájú. Àwa tí a ní gíà ń yí gíà kékeré, ẹsẹ̀ ń yára, kẹ̀kẹ́ ń rá. Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo òkè, ó ń ti Raleigh lọ, ó sì máa ń bá wa ní ìsàlẹ̀ níbi tí wúwo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń gbé e sáré ju gbogbo wa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ ìtàn Ọlábísí Àjàlá láti mú wa lọ́kàn le, ẹni tí ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní 1952. Télọ̀, tí ó ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, ní Àjàlá kò gun Òmùò.

A wọ Ìkòlé ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Àbúrò bàbá káfíńtà jókòó níta lórí àga. Káfíńtà gbé kẹ̀kẹ́ ti ara ògiri, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò dáhùn. Kẹ̀kẹ́ ni ó ń wò.

"Kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyí."

"Òun ni, bàbá."

"Ìwọ ni o gùn ún láti Àbújá wá?"

"Mo tì í lórí òkè, bàbá."

Bàbá dákẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá rẹ pẹ̀lú, títì ni í máa ń tì í lórí òkè," ó sì kígbe pé kí àwọn ọmọ gbé omi wá fún àlejò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. A kò tẹ̀ lé wọn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí káfíńtà jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ta ni ó ní téèpù ìwọ̀n, pé yẹ̀pẹ̀ ojú oórì náà ti rì ní apá ẹsẹ̀. Télọ̀ yọ téèpù tirẹ̀ lápò, ó bá a lọ wọ̀n ọ́n. Ní alẹ́ a jẹ iyán, a kò ní sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ.

Ní ọjọ́ karùn-ún a gba Adó-Èkìtì kọjá, Àràmọkọ, Ìtawùrẹ́, a sì gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, èyí tí ó le jù nínú gbogbo ìrìnàjò wa. Kò sí ẹni tí kò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, gíà tàbí àìní gíà. Àwọn òkè agbègbè yìí ni àwọn Èkìtì Parapọ̀ àti àwọn Ìbàdàn ti dojú kọ ara wọn nínú ogun Kírìjì láti 1877. Ìró ìbọn ńlá ni ó fún ogun náà lórúkọ. Wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni ibùdó ogun tó tú ká. Ẹni tí ó bá ti kẹ̀kẹ́ gun òkè yìí yóò mọ ìdí tí kò fi rọrùn láti lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà, ìsàlẹ̀ ni a ń rọ́ lọ, láti Ẹ̀rìnmọ̀ títí dé Ìwàràjà, búrékì ń dún, a sì wọ Iléṣà. Àgbà kan tí ó rí wa rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Òṣómàáló ni wá ni, nítorí àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ àwìn kiri láyé àtijọ́, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn ó fi gba owó, kẹ̀kẹ́ ni àwọn kan nínú wọn gùn.

A fẹ́ kí ẹgbẹ́ ronú sí ọ̀rọ̀ kan. Pápá ìdíje kẹ̀kẹ́ wà ní Àbújá níbí, nínú ọgbà pápá ìṣeré ńlá, síbẹ̀ ní Paris ní 2024, Ese Ukpeseraye ọmọ wa ní láti yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kí ó tó lè díje. Ará Eritrea, Biniam Girmay, ti borí ní ọjọ́ kan nínú ìdíje Ítálì ní 2022, ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Nyanya ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ dánra wò ní òwúrọ̀ Sátidé, ó sì ń wá táyà. Ẹni tí ó bá ní èyí tí kò lò, kí ó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé.

Orí bọ́ọ̀sì ni kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ gbà padà. Raleigh wà ní Ìkòlé, bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Ọdún Àjíǹde tí ń bọ̀ ni káfíńtà yóò lọ parí iṣẹ́ ojú oórì náà, aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò bá a lọ, ó sì ń bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yan ènìyàn méjì tí yóò ṣojú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a lọ, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ ní ìpàdé oṣù yìí. Mọ́tò ni wọn yóò wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.