Ṣé o Mọ̀? Irin Tó Ń Wo Ara Rẹ̀ Sàn

Ṣé o mọ̀ pé irin sítéńlẹ́ẹ̀sì, èyí tí àwọn tó ń pọn bíà nílé ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ìkòkò àti àgbá, lè dógùn-ún? Irin lásán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kúrómíọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń gbà á sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kan kúrómíọ̀mù yìí, á fa ọ́síjìn mọ́ra, á sì fi awọ kan bo gbogbo ojú irin náà. Awọ ọ̀hún fẹ́lẹ́ débi pé bí a bá to 10,000 irú rẹ̀ léra, kò tíì ní nípọn tó irun orí kan. Bí nǹkan bá ha á, á tún padà dí bí egbò ṣe ń jinná lára ọmọdé, bí ojú irin náà bá sáà ti mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì ń kàn án. Orí awọ yìí ni gbogbo ìtọ́jú ohun èlò ìpọntí dá lé.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbọn ló bí irin yìí ní ìlú Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Harry Brearley, ọmọ òṣìṣẹ́ tó ń yọ́ irin, tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 12, ni wọ́n ní kó wá irin tí kò ní jẹ́ kí inú ihò ìbọn tètè máa jẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1913, ó yọ́ èyí tí kúrómíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 12.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ásíìdì kò sì rí i jẹ bó ṣe ń jẹ irin yòókù. Àwọn ará Jámánì náà wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí nígbà náà, ṣùgbọ́n Brearley ló tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀bẹ ìjẹun ni kí wọ́n fi rọ. Yí ìdí ìkòkò tàbí ṣíbí ilé rẹ wò. Bí o bá rí 18/8 níbẹ̀, kúrómíọ̀mù 18 àti níkẹ́ẹ̀lì 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń wí. Irú rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìkòkò ìpọntí.

Ṣé o mọ̀ pé bílíìṣì tó ń sọ aṣọ di funfun, ọ̀tá irin yìí ni? Kúlóríìnì inú rẹ̀ á lu awọ náà ní ojú kan, á wá máa gbẹ́ ihò wọnú irin láti ibẹ̀. Ẹni tó bá rẹ àgbá sínú bílíìṣì mọ́jú lè bá ihò wínníwínní lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ bíà di kíkan á fara pamọ́ sí, níbi tí kànìnkànìn kò ní dé. Má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì láéláé. Gáàsì kúlóríìnì ló ń jáde níbẹ̀, òun sì ni ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ sójú ogun ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1915.

Kànìnkànìn onírin náà kò dára. Ẹ̀rún irin lásán ló ń fi sílẹ̀ lára ìkòkò, ẹ̀rún yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dógùn-ún, a ó wá máa bú sítéńlẹ́ẹ̀sì.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó ń di òkúta nínú kíndìnrín ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń di òkúta nínú àgbá bíà? Calcium oxalate ni orúkọ rẹ̀. Oxalate wá látinú ọkà báálì, calcium wá látinú omi, àwọn méjèèjì á so pọ̀ mọ́ prótíìnì inú ọtí, wọ́n á sì di eèpá lára irin. Nígbà tí àgbá bá tutù, o lè má rí i. Bó bá gbẹ ni wàá tó rí àbààwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọ̀bẹ ha á, mo sì bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun tó ní sodium percarbonate nínú ni kí o kọ́kọ́ pò mọ́ omi gbígbóná. Á bó prótíìnì kúrò. Ṣan àgbá náà dáadáa, kí o wá fi ásíìdì phosphoric tí wọ́n ti là yọ́ òkúta tó kù. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ásíìdì, prótíìnì tó bo òkúta náà kò ní jẹ́ kó ríbi wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn apakòkòrò kò lè ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí? Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni fífọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni pípa kòkòrò, fífọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ̀rọ ẹnu àgbá ló sábà máa ń tan èèyàn jẹ: ìta rẹ̀ á máa dán, omi ọkà tó ti kan á sì wà ní àyíká bọ́ọ̀lù tó ń yí nínú rẹ̀. Àfi kí o tú u palẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé títí di ọdún 1978, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fàyè gba bíà pípọn nílé? Ààrẹ Jimmy Carter ló fọwọ́ sí òfin tó yí i padà. Ilé tí àgbàlagbà méjì bá wà lè pọn tó gálọ́ọ̀nù 200 lọ́dún láìsan owó orí. Ìpínlẹ̀ Alabama àti Mississippi kò gbà á láàyè títí di 2013. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pọn bíà nílé ló ra àgbá mínírà àlòkù, tí ń gba gálọ́ọ̀nù 5. Rọ́bà ẹnu irú àgbá bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé òórùn mínírà, nítorí náà tuntun ni kí o fi rọ́pò rẹ̀. Tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí o tó ṣí i, nítorí ìdérí rẹ̀ lè ta lu ojú.

Ṣé o mọ̀ pé ìyẹ̀fun kan tó ń pa ìpáàrà rẹ́ lára sítéńlẹ́ẹ̀sì ti wà kí wọ́n tó yọ́ irin ti Brearley? Lọ́dún 1882 ní ìlú Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, George Hoffman ṣàkíyèsí pé ìkòkò tí wọ́n fi se rhubarb, ewébẹ̀ kan tí igi rẹ̀ kan, ń dán gbinrin. Ásíìdì oxalic inú ewébẹ̀ náà ló ṣe é, ó sì fi í ṣe ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ Bar Keepers Friend. Fi omi díẹ̀ pò ó, fi aṣọ rírọ̀ nù ún mọ́ ibi tí ìpáàrà wà, kí o sì ṣàn án kúrò láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ó máa ń ta èèyàn lára. Lẹ́yìn náà, má dé ìkòkò náà. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i di ọjọ́ kejì, kí awọ rẹ̀ lè padà dí, kí o tó pọn ọtí mìíràn.