Ohun Tí Máíkírówéèfù Ń Ṣe Nínú Amọ̀

Gbé ìkòkò amọ̀ tútù sínú máíkírówéèfù ilé: yóò gbẹ, ó tilẹ̀ lè bẹ́, ṣùgbọ́n kò ní jiná. Bí òjò bá pa á, ẹrẹ̀ ni yóò padà dà. Èyí tí àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ìṣàn-Èkìtì bá fi igi sun, omi ò rí i yọ́ mọ́. Ṣebí ooru ni méjèèjì?

Omi inú amọ̀ ló fa ìyàtọ̀. Ní Èkìtì, láti Ìlúmọba dé Ìkẹ́rẹ́, ọmọ àpáta ni amọ̀ wa. Òjò àti oòrùn ló ń jẹ irú òkúta tó di òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tí èròjà feldspar inú rẹ̀ fi ń di kaolinite, amọ̀ funfun. Átọ́ọ̀mù kaolinite tò ní ìpele-ìpele bí aṣọ tí a ká jọ sínú àpótí. Omi kan wà tó kàn lẹ̀ mọ́ amọ̀ lára. Èkejì ò tíì di omi rárá: ọ́síjìn àti háídírójìn tó so pọ̀ ni, ara ìpele náà gan-an ni wọ́n, omi tí wọ́n lè dà sì tó ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kaolinite.

Omi àkọ́kọ́ ni ìgbì máíkírówéèfù ń mú gbóná. Inú lọ́hùn-ún ló ti ń hó, bí ooru rẹ̀ ò bá tètè ráyè jáde, amọ̀ a bẹ́. Bó bá ti gbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìgbì mọ́. Bí a bá fi X-ray yẹ̀ ẹ́ wò, ìtò átọ́ọ̀mù rẹ̀ ò yẹ̀.

Kí amọ̀ gbígbẹ lè gbóná sí i, àwọn onímọ̀ máa ń fi èédú tàbí silicon carbide ràn án lọ́wọ́, nítorí ìwọ̀nyí ń gba ìgbì dáadáa. Nígbà tí ooru bá wà láàárín 450 sí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi kejì a jáde, ìpele a dàrú, kaolinite a di metakaolin. Kò sí àtúnṣe mọ́. Ewu ibẹ̀ ni pé bí amọ̀ ṣe ń gbóná sí i ló ń gba ìgbì sí i: ojú kan lè yọ́ nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò tíì jiná.

Metakaolin ṣeé pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ooru tó tó 1,450, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe é sì ń tú èéfín kábọ̀n jáde. Amọ̀ tí a fẹ́ pò mọ́ ọn ò fẹ́ ju 700 sí 850 lọ, ooru omi ló sì ń tú sílẹ̀. Pẹ̀lú iná mànàmáná wa tó ń ṣe ségesège, ìléru ni èmi yóò kọ́kọ́ náwó lé, kì í ṣe máíkírówéèfù. Amọ̀ ọ̀hún ò sì ní láti funfun báláú: bí kaolinite inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ó tó í lò.