Orúkọ DJ Lórí Ayélujára: Kí Ìgbìmọ̀ Tó Yánilówó Lé E



Nínú ìbẹ̀wò tí a ń ṣe káàkiri, irú ìwé ẹ̀yáwó kan ti ń wọ́pọ̀. Ọ̀dọ́ ọmọ ẹgbẹ́, tàbí òbí tí ó fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, yóò kọ ọ́ pé òun fẹ́ ra ẹ̀rọ DJ, òun sì fẹ́ ní orúkọ lórí ayélujára. Àwọn àgbà inú ìgbìmọ̀ á máa wo ara wọn lójú. Wọ́n mọ bí a ti ń yánilówó ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n ta ni í yánilówó ra orúkọ? Àwọn kan á ní eré ọmọdé ni. A kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ ni, ó sì ní bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí DJ ń tà kì í ṣe orin, nítorí pé ẹlòmíràn ni ó ni orin náà. Mímọ orin tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé òmíràn ni ó ń tà, kí òde má baà tutù. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá jó ní òde kan ni í ròyìn DJ fún ẹlòmíràn, orúkọ tí a kọ gàdàgbà sára àpótí sípíkà a sì máa ran ìròyìn náà lọ́wọ́. Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ àpótí sípíkà. DJ á ya fídíò kékeré níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, á gbé e sórí Instagram tàbí TikTok, ẹni tí ó ń palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́ á sì rí i.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ijó pa. Derrick Jones, tí ayé mọ̀ sí D-Nice, bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn ènìyàn lára yá lórí Instagram láti inú ilé rẹ̀ ní Los Angeles. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń wò ó kò pọ̀. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n lé ní 100,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Michelle Obama sì wà lára wọn. Ọ̀dọ́ tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọjọ́ mélòó kan ni a fi ń di gbajúmọ̀. Rárá o! Láti àwọn ọdún 1980 ni ọkùnrin yìí ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin Boogie Down Productions. Ó gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 1990. Nígbà tí ìyẹn rọlẹ̀, ó bá àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ojú-ewé ayélujára, lẹ́yìn náà ni ó di DJ àwọn ènìyàn ńlá. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó ti fi ń kó orúkọ náà jọ.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó ń rú àwọn òbí lójú jù. YouTube kì í pín owó ìpolówó fún DJ àfi tí ó bá ní olùtẹ̀lé 1,000, tí a sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12, tàbí tí a ti wo àwọn fídíò kúkúrú rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Bí ó bá tilẹ̀ dé ibẹ̀, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Content ID ń dẹtí sí gbogbo ohun tí a gbé síbẹ̀. Bí ó bá gbọ́ orin ẹlòmíràn, oní-orin lè gba owó náà, ó sì lè ní kí wọ́n dí fídíò náà pa. Bí oní-orin bá fi ẹjọ́ DJ sùn, tí ìkìlọ̀ 3 sì pé láàárín ọjọ́ 90, wọ́n lè ti gbogbo ojúlé rẹ̀ pa. Mixcloud, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 2008, ti bá àwọn oní-orin ṣe àdéhùn, ó sì ń sanwó fún wọn. Ìdí nìyí tí àkópọ̀ orin gígùn fi ń rọ́wọ́ mú níbẹ̀. DJ Neptune gba ọ̀nà mìíràn: ní 2020 òun, Joeboy àti Mr Eazi gbé orin “Nobody” jáde, orúkọ òun fúnra rẹ̀ sì wà lórí orin náà.

Nítorí náà, òde tí a torí ayélujára pe DJ sí ni owó rẹ̀ wà. Kí ìgbìmọ̀ má ṣe jẹ́ kí iye olùtẹ̀lé dá wọn lójú. A ń fowó ra olùtẹ̀lé nísinsìnyí bí ẹni ra àkàrà. Òde mélòó ni ó ṣe láàárín oṣù 12? Ta ni ó sanwó, èló ni wọ́n fi sílẹ̀ ṣáájú? Níbo ni ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà? Kí nọ́ńbà àwọn oníbàárà wà nínú ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé bí olè bá gba ojúlé Instagram mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn ni yóò kù. Ní ti orúkọ fúnra rẹ̀, kí ó mọ̀ pé fífi orúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC yàtọ̀ sí fífi àmì òwò sílẹ̀ ní Abuja. Èkejì ni ó dára jù láti fi dá ẹlòmíràn lẹ́kun.

A kò rí ìdí tí a ó fi yá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lówó sípíkà ńlá àti jẹnẹrétọ̀, nígbà tí ó lè háyà wọn. Ẹ̀rọ tí ó fi ń po orin pọ̀ àti fóònù dáadáa tó ná. Òde a máa pọ̀ ní oṣù Kejìlá, a sì máa dín nígbà ààwẹ̀. Bí òfin ẹgbẹ́ yín bá gbà á, ẹ lè fi owó sísan sí ìgbà tí iṣẹ́ bá ń wọlé, bí a ti ń ṣe fún àgbẹ̀ kòkó. Onídùúró méjì kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ o.

Ẹgbẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà níwájú rẹ̀, kí akọ̀wé fi í sínú fáìlì, kí ó sì gbé e jáde nígbà ìbẹ̀wò wa. A ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.