Ilẹ̀ tó gbẹ lóṣù Kejì: ẹ bi rédà kẹ́ ẹ tó ra á

Lóṣù Kejì, kò sí ilẹ̀ tí kì í gbẹ. Tí wọ́n bá mú yín dé etí odò kan ní Ọ̀nà-Ara tàbí Lágelú nígbà yẹn, ta ló máa sọ fún yín pé omi máa ń dúró síbẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án? Kì í ṣe ẹni tó ń ta ilẹ̀. Sátẹ́láìtì lè sọ ọ́.

Àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń lo kámẹ́rà o. Kámẹ́rà nílò oòrùn, ìkùukùu sì máa ń dí i lójú, bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò gan-an la nílò rẹ̀ jù. Ní 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, wọ́n gbé NigeriaSat-2 lọ sí òfurufú láti Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, òjò 26 oṣù Kẹjọ rọ̀ n'Ìbàdàn: omi ya ilé, afárá já, ẹ̀mí ṣòfò. Ká tiẹ̀ ní sátẹ́láìtì wa ti múra iṣẹ́ tán lọ́jọ́ náà, orí ìkùukùu ni ì bá yà.

Rédà kò dúró de oòrùn. Sentinel-1 tàwọn ará Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gbéra lóṣù Kẹrin ọdún 2014, ń yí ayé po ní nǹkan bí 693 kìlómítà sókè. Ó ń ta ìgbì rédíò sílẹ̀, ìgbì yẹn ń gba inú ìkùukùu kọjá, ó sì ń ka èyí tó padà. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí lóru: ìmọ́lẹ̀ á ta síbòmíràn, kò ní padà sọ́dọ̀ yín. Bí omi tó parọ́rọ́ ṣe ń ṣe ìgbì rédà nìyẹn, ìdí tó fi ń dúdú nínú àwòrán. Igi àti ògiri ń dá ìgbì padà, wọ́n á mọ́lẹ̀.

Lórí òkè Himalaya, rédà yìí náà ni wọ́n fi ń mọ̀gbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, torí yìnyín tó ti tutù fún omi máa ń fa ìgbì mu, á sì dúdú. Omi yẹn làwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè ń retí. Òjò ni tiwa.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé rédà á pè yín kí àgbàrá tó wọlé. Ọjọ́ 12 ni sátẹ́láìtì kan fi ń padà sójú ipa rẹ̀. Àgbàrá Ìbàdàn lè wá, kó sì lọ láàárín ọjọ́ kan. Omi tó wà láàárín ilé tàbí lábẹ́ igi tún lè mọ́lẹ̀ dípò kó dúdú. Omi tó ń pẹ́ nílẹ̀ ló mọ̀ dáadáa: àkùrọ̀, etí odò, adágún Asejire.

Ọ̀fẹ́ ni lórí Copernicus Browser. Ẹ yan Sentinel-1, kẹ́ ẹ gbé àwòrán oṣù Kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù Kẹsàn-án, ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá rí ohun dúdú kan tó tọ́ gbọnrangandan ní Alákìá, ẹ má pè é lódò. Ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí ni.