Pirojẹ́kítọ̀ fáwọn ilé ìwé Ìwó: Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ló yẹ kó yàn án!

Bí tíṣà báyọ́lọ́jì bá fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé bí ọkàn ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde, àwọn ọmọ kan á ṣì máa wò ó bọ̀ọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rí ọkàn náà lára ògiri, bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ pirojẹ́kítọ̀ fi máa ń dùn mọ́ àwọn òbí àtolùkọ́ nínú, pàápàá níbi tí yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ò bá ti ní ohun èlò tó ṣe é fi yangàn. Owó táwọn ìyá aláta àtàwọn bàbá ọlọ́kadà dá jọ ni wọ́n fẹ́ fi rà á, kò sì yẹ kó jẹ́ pé lẹ́yìn tááàmù méjì, orí kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n á ti máa nu eruku ara ẹ̀.

N'Ìwó, ìlú Odídẹrẹ́, pirojẹ́kítọ̀ kì í ṣohun àjèjì. Wọ́n ń lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Yunifásítì Bowen, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀, sì ti wà nílùú náà látọdún 2002. Àmọ́ ohun tó ń tàn dáadáa nínú gbọ̀ngàn tó ní kọ́tìnì àtẹ̀rọ amúlétutù lè di òkú ìmọ́lẹ̀ nínú kíláàsì tí òòrùn ń gba ojú fèrèsé ọ̀tún àtòsì wọlé.

Ara páálí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí Queen Cinema n'Ìbàdàn, tàbí Computer Village n'Ìkẹjà, tó ní pirojẹ́kítọ̀ lòun ń wá, oríṣiiríṣii ni wọ́n á kó síwájú ẹ̀. Ọ̀kan á kéré bíi rédíò, wọ́n á kọ "9,000 lumens" gàdàgbàgadagba sára páálí ẹ̀, owó ẹ̀ á sì fúyẹ́. Èkejì á tóbi díẹ̀, "3,300 ANSI lumens" ni wọ́n á kọ sí i, owó ẹ̀ á sì fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí ló dé tí èyí tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kéré tún fi wọ́n jù?

Àṣírí ẹ̀ rèé. Lumens ni wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lójú ẹ̀rọ. Lọ́dún 1992, àjọ tó ń ṣètò òdiwọ̀n nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn ANSI, là á kalẹ̀ pé kí wọ́n pín ojú àwòrán sọ́nà mẹ́sàn-án, kí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó sọ iye tó jẹ́. Nọ́ńbà tí kò bá ti ní ANSI tàbí ISO lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu ọlọ́jà lásán ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré tó ń pariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún yìí, bí wọ́n bá wọ̀n wọ́n bó ṣe yẹ, wọn kì í tó 300.

Ìmọ́lẹ̀ náà tún dà bíi bọ́tà tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì. Bí búrẹ́dì bá ṣe fẹ̀ tó ni bọ́tà á ṣe fẹ́lẹ́ tó. Bí wọ́n bá fa àwòrán tó fẹ̀ ní mítà kan di mítà méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa kù lójú ibi kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, kíláàsì tí ọmọ àádọ́ta jókòó sí kò lè fi àwòrán tí kò tó mítà méjì ṣe nǹkan kan. Ooru ò sì ní í jẹ́ kí wọ́n ti fèrèsé. Nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, 3,000 ANSI lumens ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í náà.

Iná ńkọ́? Lóṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba gbówó lé iná àwọn tó wà ní Bándì A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí ogún lójúmọ́ fún. Ilé ìwé tí kò sí lára wọn, àfi jẹnẹrétọ̀. Epo bẹntiróòlù náà ò sì ṣe é sún mọ́ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀ lọ́dún 2023. Àmọ́ pirojẹ́kítọ̀ kì í jẹ iná bí wọ́n ṣe rò. Èyí tó ń lo 250 wáàtì, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tíṣà, kò lè jẹ tó yúnìtì kan bí wọ́n bá fi kọ́ pírẹ́ọ̀dù mẹ́rin oníṣẹ́jú 40. "I better pass my neighbour" á gbé e, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ohùn tíṣà? Sólà kékeré àti bátìrì ló bá kíláàsì mu.

Bátìrì yẹn tún ń ṣiṣẹ́ mìíràn. Gílóòbù inú pirojẹ́kítọ̀ máa ń lò tó wákàtí 3,000 sí 5,000. Bí wọ́n bá ń tàn án ní wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́ ilé ìwé, ó yẹ kó pé ọdún márùn-ún. Kí ló wá ń pa á láìtọ́jọ́? Ooru ni. Bí iná bá lọ lójijì, fáànù tó ń tù ú dúró nìyẹn, gílóòbù á wá máa fi ooru ara ẹ̀ se ara ẹ̀. Bí eruku ọyẹ́ bá tún dí asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó parí. Bátìrì á jẹ́ kí fáànù ráyè tù ú tán, búrọ́ọ̀ṣì á sì gba asẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn tó ń lo laser dípò gílóòbù máa ń tó wákàtí 20,000, ṣùgbọ́n owó wọn ga.

Ọ̀rọ̀ àbójútó yìí kì í ṣe tuntun l'Ọ́ṣun. Lọ́dún 2013, ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé àtàwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú ẹ̀, wọ́n ní 150,000 làwọn fẹ́ pín fáwọn ọmọ ilé ìwé girama ìjọba. Tilẹ̀-tòkè ló gbọ́ nípa ẹ̀. Lónìí, òun kọ́ làwọn ọmọ fi ń kàwé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ilé ìwé, kó kọ́kọ́ bi ọlọ́jà léèrè: èló ni gílóòbù mìíràn? Ta ló ń tà á n'Ìbàdàn tàbí Òṣogbo? Ta ni yóò tún un ṣe? Ṣé ojú HDMI àti VGA wà lára ẹ̀, torí láptọ́ọ̀pù àwọn tíṣà kì í ṣe ọ̀kan náà? Owó àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí wọ́n dá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé inú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn lọlọ́jà ti máa ń tan tiẹ̀, níbẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń dára. Kí wọ́n bá a ṣàdéhùn pé àwọn á gbé e dé kíláàsì kówó tó wọlé. Kí wọ́n tàn án láago méjìlá ọ̀sán, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí wọ́n gbé ojú ewé kan látinú ìwé sáyẹ́ǹsì sára ògiri. Kí wọ́n wá ní kí ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn ka ìlà tó kéré jù níbẹ̀. Bó bá kà á geere, kí wọ́n sanwó. Bó bá ń fún ojú pọ̀, kí wọ́n dá a padà fọ́lọ́jà, ìbáà jẹ́ 20,000 ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀.